Ohun Tí Mo Kọ́ Lára Ọ̀rẹ́ Mi Tó Sá Lọ Sí Òdìkejì

Lóru ọjọ́ 10 mọ́jú ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án ọdún 1989, ìjọba Hungary ṣí ẹnubodè tó wà láàrin wọn àti Austria fún ará Ìlà-Oòrùn Jámánì tó bá fẹ́ kọjá. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Leipzig wà lára àwọn tó kọjá lóru náà. Mi ò mọ̀. Etí adágún Balaton ní Hungary ni mo rò pé ó wà, níbi tó ní òun fẹ́ lọ lo ìsinmi. Mo ti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ti ra kọfí sílẹ̀ dè é.

Nígbà tó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá, màmá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ rélùwéè wá láti ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé. Wọn ò bọ́ kóòtù, wọn ò jókòó. Wọ́n na káàdì kan sí mi. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: ara òun le, òun wà ní Bavaria ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, kí Màmá má bínú. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o mọ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wò mí títí, mo sì rí i lójú wọn pé wọn ò gbà mí gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn tó fi apá kan sílẹ̀ lọ bá apá kejì, láyé ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet pín ayé sí méjì, ti gbà mí lọ́kàn. Mo ti ka púpọ̀ nípa wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ dájú, lára ọ̀rẹ́ mi yìí àti ìyá rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ó sì pẹ́ kí n tó kọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi ti fún mi láyè kí n kọ ọ́, bí mi ò bá ti dárúkọ òun.

Ọmọ Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì ní Leipzig. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tó kọ́kọ́ dé Ìlà-Oòrùn Jámánì ní ọdún 1951, ọmọ Nàìjíríà 11 ni wọ́n, Leipzig náà ni wọ́n sì dé sí. Èmi dé ní ọdún 1985 láti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Mo kọ́kọ́ lo bí ọdún kan ní Herder-Institut níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àlejò ní èdè Jámánì, lẹ́yìn náà wọ́n fi mí sínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára rédíò tó ń tún ṣe. Nígbà tí bàbá mi kú ní 1987 tí mi ò lè lọ sílé, òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Màmá fi mí jókòó sórí àga ọkọ wọn tó ti kú. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Wọ́n kàn ń bu ọbẹ̀ sí abọ́ mi, wọ́n ń tún un bù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Màmá, wọ́n sì ń jẹ́ mi.

Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ lè má mọ bí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ṣe le tó. Láàrin ọdún 1949 sí 1961, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ènìyàn tó kúrò ní Ìlà-Oòrùn Jámánì lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Dókítà, ẹnjinníà, olùkọ́, àgbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí Ìwọ̀-Oòrùn Berlin, apá Ìwọ̀-Oòrùn tó wà láàrin ilẹ̀ wọn, ká lóru ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1961, tí wọ́n sì mọ ògiri lé e. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ láìgbàṣẹ, ọ̀daràn ni. Republikflucht ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣẹ̀ náà, ìyẹn sísá kúrò lórílẹ̀-èdè, ẹ̀wọ̀n sì wà fún un. Ó kéré tán, ènìyàn 140 ló kú nídìí Ògiri Berlin nìkan. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1989 tí mo ń sọ yìí, wọ́n yìnbọn pa Chris Gueffroy, ọmọ ogún ọdún, níbi tó ti fẹ́ fo ògiri náà. Òun ni ẹni ìkẹyìn tí ìbọn pa níbẹ̀.

Èmi ńkọ́? Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti gba físà àtijáde àti àtiwọlé, mo lè wọ rélùwéè dé Friedrichstraße ní Berlin, kí n gba inú gbọ̀ngàn tí àwọn ará ìlú ń pè ní Tränenpalast, Ààfin Omijé, nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sunkún dágbére fún ara wọn. Bí mo bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ó di Ìwọ̀-Oòrùn. Mo máa ń lọ ra ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ onílẹ̀ kò lè tẹ̀ lé mi. Mo máa ń padà dé lálẹ́, á bi mí pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí, mo sì máa ń dín in kù, kí ó má baà dà bíi pé mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1989, ó tan rédíò, ó yí i sókè, ó wá fara mọ́ mi bí ẹni fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ sí mi létí. Ó ní ṣé mo lè bá òun gbé ìwé ẹ̀rí òun kọjá, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Hannover. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ni, kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá dé Ìwọ̀-Oòrùn láìsí ìwé, àtirí iṣẹ́ tó kọ́ ṣe máa ń nira fún un. Kò sọ pé òun ń lọ, ṣùgbọ́n kí ló tún kù tí kò sọ?

Mo kọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá ká ìwé náà mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n á dá mi padà sílé láìparí ẹ̀kọ́ mi, ìyá mi sì ti ta ilẹ̀ kan kí n tó rìn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mi orí, ó ní ó yé òun, ó yí rédíò sílẹ̀. A ò sọ ọ́ mọ́. Ní oṣù karùn-ún, Hungary bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà ẹnubodè wọn. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rẹ́ mi di báàgì kan, ó ní Balaton lòun ń lọ.

Lẹ́yìn tí Màmá mú káàdì yẹn wá, àwọn ọkùnrin méjì kan bẹ̀ mí wò. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ti wá, mi ò sì béèrè. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n tilẹ̀ bi mí bí iṣẹ́ ìwé mi ṣe ń lọ sí. Ìbéèrè kẹta tàbí ìkẹrin ni: ṣé ó fún mi ní nǹkan gbé kọjá rí? Mo wo ojú wọn, mo ní rárá. Òótọ́ ni mo sọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ pé mo kọ̀ tàbí kí ojú tì mí. Títí di òní ni méjèèjì ṣì ń bá ara wọn jà nínú mi.

Ti Màmá ló burú jù. Ọmọ alágbàfọ̀ ni wọ́n, wọ́n bí wọn ní 1934, ogun sì bá wọn lọ́mọdé. Ìjọba tuntun yẹn ló rán wọn lọ sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́, nígbà tó jẹ́ pé láyé àtijọ́ ọmọ alágbàfọ̀ á jogún ọpọ́n ìfọṣọ ni. Wọ́n gba ìjọba náà gbọ́ tọkàntọkàn, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba. Nígbà tí ìròyìn ọmọ wọn dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n yọ wọ́n kúrò ní kíláàsì, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa to ìwé. Olùkọ́ tí kò lè tọ́ ọmọ tirẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún wọn nìyẹn. Mo ń lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀. "Ọmọ yẹn" ni wọ́n ń pè é.

Inú bí mi sí i gan-an. Yorùbá ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà, mo sì ń rí ẹni tí òkò bà pẹ̀lú ojú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí mo ti gbé láti ilé wá: ọ̀dàlẹ̀. Ẹ má gbàgbé ibi tí mo ti wá. Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ní 1962 pín ilé wa sí méjì. Bàbá mi dúró sínú Action Group, àbúrò wọn tẹ̀ lé Akíntọ́lá lọ sínú Dẹ́mọ, títí tí bàbá mi fi kú, àwọn méjèèjì ò jẹun pọ̀ mọ́. Inú ilé tí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní ọ̀dàlẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ìdájọ́ kò ṣòro fún mi. Nínú ọkàn mi, mo dá ọ̀rẹ́ mi lẹ́bi, mo ti ìwé rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe yí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, nǹkan bí 70,000 ènìyàn rìn yí Leipzig ká pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́ láti tako ìjọba, ọlọ́pàá ò sì yìnbọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, Ògiri Berlin ṣí. Kò pé oṣù méjì sí ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi sá. Bó bá dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àbọ̀ sí i, ì bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá, kó jẹun ọ̀sán lọ́hùn-ún, kó padà wá sùn sílé ìyá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ohun tí Màmá ò lè dárí rẹ̀ jì. Gbogbo ìtìjú yẹn, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ògiri ṣí, Màmá wọ rélùwéè lọ sí Nuremberg ní Bavaria. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání, ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kọ̀ láti gbé. Ó ń dúró ní ibùdókọ̀. Wọ́n fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, wọ́n bá a mu tíì kan, wọ́n sì wọ ọkọ̀ tó ń padà. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé owó ọjà.

Mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo padà sílé ní 1991. Àsìkò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn àwọn tó sá. Òkìkí Conrad Schumann kàn káàkiri ayé, ṣọ́jà ọmọ ọdún 19 tó fo wáyà ní Bernauer Straße ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1961, ìbọn ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ lójú òfuurufú kò sí ibi tí kò dé. Saxony ni wọ́n bí i sí, ẹkùn kan náà pẹ̀lú Leipzig. Ìwọ̀-Oòrùn sọ ọ́ di akọni. Nígbà tí ògiri wó tó padà lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló yá mọ́ ọn. Ní 1998 ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọdún 37 ló fi gbé òdìkejì. Mo máa ń wo àwòrán yẹn, mo máa ń wò ó pé kò sí ẹni tó ya àwòrán ilé àwọn òbí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Svetlana, ọmọ Stalin tó jẹ́ olórí Soviet tẹ́lẹ̀, náà ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 1967, ó wọ ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní New Delhi, ó ní òun ò padà sílé mọ́. Ó ní ọmọ méjì ní Moscow, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọdún 17 kọjá kó tó padà sọ́dọ̀ wọn ní 1984, kò sì pé ọdún méjì tó tún fi lọ. Viktor Belenko, ọmọ ogun òfuurufú Soviet, gbé bàlúù ogun MiG-25 lọ bà sí Hakodate ní Japan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Wọ́n tú bàlúù náà palẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n dá a padà fún Soviet ní ègé-ègé nínú àpótí. Ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Kim Philby, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń ṣe amí fún Soviet tipẹ́, sá láti Beirut lọ sí Moscow ní 1963, ibẹ̀ ló kú sí ní 1988. Àwọn tó lọ láti Ìwọ̀-Oòrùn sí Ìlà-Oòrùn pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Bàbá Angela Merkel, obìnrin tó di olórí ìjọba Jámánì nígbà tó yá, pásítọ̀ ni, ó kó láti Hamburg lọ sí Ìlà-Oòrùn ní 1954 nítorí iṣẹ́ ìjọ, ìyàwó rẹ̀ sì gbé ọmọ wọn jòjòló tẹ̀ lé e.

Ohun kan tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé apá tí ènìyàn sá lọ bá, ohun tó gbé dání ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bàlúù, àṣírí, orúkọ bàbá ẹni, àwòrán tó dára fún ìwé ìròyìn. Wọ́n á gba ìyẹn, wọ́n á yìn ín. Ẹni tí kò gbé nǹkan kan dání bíi ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì nínú ibùdó, fọ́ọ̀mù, àti ọbẹ̀ gbígbóná. Mo sì rí i pé apá tí ó fi sílẹ̀ ò lè mú un mọ́, ẹni tó kù sílé ni wọ́n máa ń mú. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, ojú ilé ni mo ṣì fi ń wò wọ́n: ta ló sá, ta ló dúró, ta ni ọ̀dàlẹ̀. Mi ò tíì béèrè ohun tó lé wọn.

Ní ọdún 1993, ọjà ìwé Leipzig gbé mi padà lọ. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi, mo kọ̀wé sí Màmá, mo ní kí a jọ jẹun. Àwọn méjèèjì gbà, mo rò pé nítorí mi ni. A jókòó yí tábìlì yẹn ká. Màmá tún fi mí sórí àga ọkọ wọn. Wọ́n á ní, "Sọ fún un pé ọbẹ̀ ń tutù." Èmi á yíjú sí i, á ní, "Sọ fún wọn pé mo ti yó." Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọn ò jìnnà síra wọn tó apá kan, èmi àlejò ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu dé etí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jẹun tán.

Ó sìn mí dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Inú ṣì ń bí mi. Mo bi í ní tààrà: kí ló dé tí o kò lè dúró? Ó rìn díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní ní oṣù kẹta ọdún 1989, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pe òun sí yàrá kan. Wọ́n fẹ́ kí òun máa kọ̀wé fún wọn nípa mi: ta ni mò ń rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Berlin, kí ni mò ń rà, kí ni mò ń sọ nípa ìjọba. Ó ní òun ò. Wọ́n tún pè é. Wọ́n rán an létí pé olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, pé iṣẹ́ dáadáa ni iṣẹ́ olùkọ́. Ó rí i pé nígbà kẹta òun á fọwọ́ sí i. Ó ní òun mọ ara òun.

Nígbà tí ìjọba yẹn wó, àwọn aládùúgbò, ọ̀rẹ́, akẹ́gbẹ́, tọkọtaya tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa ara wọn lé ní 170,000. Láti oṣù kìíní ọdún 1992 ni wọ́n ti jẹ́ kí ará ìlú lọ ka fáìlì wọn. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ ka tirẹ̀. Ìpè méjèèjì wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ mi wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó yẹ kó wá lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n tún oṣù yẹn kà. Oṣù kẹta ni wọ́n pè é nítorí mi. Oṣù kẹrin ló bẹ̀ mí pé kí n gbé ìwé mẹ́rin. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí, pé ìyá mi ti ta ilẹ̀. Ó mi orí, ó ní ó yé òun.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré wọ inú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Àti kékeré ni mo ti mọ òwe náà. Mo lo ọdún mẹ́rin níbi tí mo ti ń dá ẹni tó ń sáré lẹ́bi, èmi gan-an sì wà lára ohun tó ń lé e.

Mo bi í bóyá Màmá mọ̀. Ó ní rárá, kí n má sì sọ fún wọn. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n gbà gbọ́ láyé ti wó lójú wọn láàrin oṣù kan. Òun ò fẹ́ kí wọ́n tún mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi halẹ̀ mọ́ òun. Ó ní kí wọ́n kúkú máa bínú sí òun. Mo ṣèlérí fún un.

Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí Màmá ni 2008. Ara wọn ti ń rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì dá. Ìbínú ti rọ̀, ọmọ náà ti ń wá kí wọn ní Kérésìmesì. Nígbà tó ku àwa méjì ní kíṣìnnì, wọ́n gbé aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ jọ gbé yàrá. Kí ló lé ọmọ mi?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màmá."

Wọ́n wò mí títí, bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ tí wọ́n mú káàdì wá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n kú.